Kọ́kọ́rọ́ Tuntun Ilé Ẹ̀gbọ́n

                                                            Ẹ̀yìnkùlé Ilé Alágbàfọ̀,
                                                            Ẹnu Ọ̀nà Tóóró,
                                                            Nítòsí Ilé Ìwé.
                                                            Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù keje.

Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Báwo ni nǹkan lọ́hùn-ún? Ṣé ara le? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù? Ọmọ tó ń hu eyín nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo mọ̀ pé á ti máa fi eyín náà gé yín jẹ báyìí. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo ti sọ fún ọ pé àga ọ́fíìsì yẹn ló ń fa gbogbo rẹ̀, pé kí o máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ràn sí ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ń kí ọ. Ọmọbìnrin mi ti ń ga tó mi léjìká, ẹnu rẹ̀ sì ti mú ju ayùn mi lọ.

Má bínú pé mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé fóònù wà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Bí orúkọ Ẹ̀gbọ́n bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, ohùn rẹ á yí padà, èmi náà á wá àwáwí, a ó sì kí ara wa pé ó dàbọ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, o ò ní lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó, kà á tán kí o tó bínú.

O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lókèèrè ṣe ń mọ nǹkan lo ṣe mọ̀ ọ́n. Rántí bí ilé yìí ṣe rí nígbà tiwa, lọ́dún tí ìyá rẹ kú tí Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé àbúrò méjì ni àwọn ní láti ọjọ́ náà lọ. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà, ẹ̀yìn ni yàrá àti ilé ìdáná, a kì í sì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á gba ẹ̀yìn wọlé, á bu omi mu, á jáde. Pákó tó kún fún ìṣó lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń fi kọ́kọ́rọ́ wọn kejì kọ́ sí, nítorí Ẹ̀gbọ́n kì í kúrò nídìí iṣẹ́. Ìṣó tó wà ní igun ni tìrẹ. Ọjọ́ tí o fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn fúnra wọn ló yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú lára ìṣó yẹn, tí wọ́n ní kí o mú un dání, kí o má baà máa kanlẹ̀kùn bí àlejò nígbà tí o bá dé.

Ọ̀sán gangan ni olè náà wọlé. Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ ní iwájú, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yàrá, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, wọ́n kàn ní, “Ta nìyẹn? Omi tútù wà nínú ìkòkò o.” Ohùn kan sì dáhùn láti inú yàrá pé, “Ẹ ṣé, mà.” Ohùn jẹ́jẹ́, bí ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n bá ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n wọlé ni wọ́n tó rí i pé olè ti palẹ̀ àpótí mọ́. Aago ọwọ́ ọkọ wọn tó ti kú ti lọ, kóòtù àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti lọ. Ife tí olè náà fi mumi wà lórí tábìlì, ó ti dojú rẹ̀ dé.

Akọ̀wé, kì í ṣe aago yẹn ló dùn wọ́n jù. “Ẹ ṣé, mà” yẹn ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn, àyà àwọn á já. Alágbàfọ̀ sì ni wọ́n, àárọ̀ dalẹ́ ni àwọn ènìyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, mo ti fi irin ìdábùú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n ní kò tó, mo fi òmíràn kún un. Mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ iwájú. Wọ́n yí tábìlì ìlọṣọ padà, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri kí wọ́n lè máa rí ilẹ̀kùn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn tí wọn kì í rí ìlà ṣòkòtò dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ gbogbo àdúgbò kúrò lára pákó, wọ́n ń gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń dá a padà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá nǹkan wá sílé àwọn. Pákó yẹn ṣófo, ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀. Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àsìkò yẹn gan-an ni Tilẹ̀kùn jáde. Ọkùnrin tó ń ta bíríkì ní ìkòríta ni, ó ti ṣí dé lẹ́yìn tí o lọ. Ó fẹ́ di alága àdúgbò, kó gba ipò lọ́wọ́ Tíṣà tó kọ́ wa ní ìṣirò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: “Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀kùn!” Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ilẹ̀kùn tó ń wí ni géètì irin tó fẹ́ fi dí ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé wa, èyí tí àwọn ará ẹ̀yìn ń gbà jáde. Ará ẹ̀yìn ni à ń pe àwọn tó wá ń gbé inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ nígbà tí iṣẹ́ tán níbi tí wọ́n ti wá. Tilẹ̀kùn ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú kí a ti géètì náà pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ará ẹ̀yìn tó bá pẹ́ níbi iṣẹ́, kó gba títì ńlá yí ká. Kò sí ẹni tó rí ojú olè tó wọ ilé Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n Tilẹ̀kùn mọ̀ ọ́n. Ará ẹ̀yìn ni, ó ti parí.

Mi ò ní parọ́, ẹnu rẹ̀ mú ọjà mi tà. Bó bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti kún iwájú mi, àgádágodo ni wọ́n ń bèèrè. Mo ń tà á, mo sì ń bú u.

Ẹ̀gbọ́n wá di ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn jù. Wọn ò gba aṣọ ará ẹ̀yìn mọ́. Ìgbà yẹn ni ìwọ pè wọ́n. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ apá tiwọn, wọ́n sì sọ tìrẹ fún mi lẹ́yìn náà. O ní ẹ ti ka iye ilé tí olè ń jà ní ọ́fíìsì yín, pé olè kò pọ̀ tó ti àtijọ́, Ẹ̀gbọ́n sì dá ọ lóhùn pé, “Ṣé òǹkà ló ń dá mi lóhùn nínú yàrá ni?” Ìwọ bá sọ pé wọn ò láàánú mọ́, pé o ò mọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lọ lọ́wọ́ jóná lẹ́yìn. Àtìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò rí i kí aṣọ jóná lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n rí.

Èmi náà kò fún wọn nísinmi. Mo ń pè wọ́n ní Ìyàwó Tilẹ̀kùn, mo ń rojọ́ títí ẹnu ń dùn mí. Ṣe ni mò ń fi agbọ̀n gbọnmi. Bí mo ṣe ń fi ẹnu ṣí ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ń tì í sí i.

Òjò ló bá wa dá sí i. Atẹ́gùn ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi lọ, mi ò ríbi ṣiṣẹ́, mo bá kó irinṣẹ́ mi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé Ẹ̀gbọ́n. Má rò pé ọgbọ́n ni mo dá o, àìríbi-jókòó ni. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n ní ariwo ayùn mi fẹ́ fọ́ àwọn létí. Nígbà tó yá, bí mo bá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ké láti iwájú pé, “Ṣé o wà níbẹ̀?” Èmi á ní, “Mo wà ńbí.” Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn ò bèèrè mọ́. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i pé tábìlì ìlọṣọ ti padà síbi fèrèsé, pé wọ́n tún ti kọjú sí títì, wọ́n sì ń kọ orin lábẹ́lẹ̀. Irin ìdábùú kejì, wọn kì í tì í mọ́. Èmi tó mọ ọ̀rọ̀ í rò, mi ò tíì rò ọ́ fún wọn látìgbà tí mo ti kó dé.

Obìnrin kan wà nínú àwọn ará ẹ̀yìn, Nọ́ọ̀sì ni a ń pè é, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n ti lé e padà nígbà kan pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dúró sábẹ́ òrùlé wa, ó di aṣọ funfun náà mọ́yà, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Wọlé jàre. Aṣọ funfun kì í ṣe ohun tí òjò ń pa.” Bó ṣe wọlé, tí wọ́n ń bá a lọ aṣọ náà, wọ́n bi í bóyá ẹ̀rù kì í bà á láti máa gbé irú ibẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ń bà mí gan-an, mà. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń to abọ́ onírin sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó lè pariwo bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i.”

“Àwọn wo lò ń bẹ̀rù?”

Ọmọ ọlọ́mọ wolẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin ará iwájú ni.”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé aṣọ oníbàárà, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú, èmi tí mo sì ń yọjú láti ẹ̀yìn rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń nù. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n má wá irin tuntun kankan, kí n tú ìdábùú kejì ti ilẹ̀kùn àwọn, kí n lọ kàn án mọ́ ti Nọ́ọ̀sì kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí obìnrin náà ń gba aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mo yára wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, “Kò tọ́pẹ́,” wọ́n sì fa aṣọ míì yọ.

Ibí ló yẹ kí n parí ìtàn sí, kí n lè gbayì lójú rẹ. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ mi kò dé láti ilé ìwé lásìkò. Mo wo títì, n kò rí i. Mo dé ilé ìwé, wọ́n ti ti ibẹ̀. Mo sáré wọ ọ̀nà tóóró, ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ń bọ̀ pẹ̀lú igbá búrẹ́dì lórí, ó ní kí ló dé tí mò ń sáré báyìí. Akọ̀wé, mo di aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kó jàǹbá wọ àdúgbò yìí!” Ohùn Tilẹ̀kùn ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi, mi ò sì dákẹ́. Ọkùnrin náà kò bá mi jà. Ó sọ igbá búrẹ́dì kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní, “Aṣọ wo ló wọ̀?” Òun gan-an ló rí i. Ọmọ mi wà ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ilé ìkẹ́rùsí, ó ń fún ehoro léwé jẹ. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ọwọ́ mi ló ti ń jẹun!” Mo bẹ oníbúrẹ́dì títí. Ó ní òun náà bímọ.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Ewu kankan kò ṣe ọmọ, ará ẹ̀yìn ló bá mi wá a. Ojoojúmọ́ ló sì ti ń gba ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ka ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣe. Mo ń mú un lọ, mo ń mú un bọ̀. Bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín nínú ọ̀nà tóóró, èmi á fi ayùn sílẹ̀ lọ yọjú, mo ba kọ́kọ́rọ́ oníbàárà jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Oorun sá lójú mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé inú orí ni èrò ẹni nípa bó ṣe yẹ kí ìlú rí ti ń wá, pé ẹni tí tirẹ̀ bá wọ́, a kàn lè ṣàlàyé fún un. Báyìí mo rò pé láti inú àyà ló ti ń gòkè, orí kàn ń wá àwíjàre fún un ni.

Ọjọ́ ìbò pé. O rántí bí a ṣe ń ṣe é, kò tíì yí padà: gbogbo wa á péjọ sí pápá ilé ìwé, àwọn tó ń dupò á dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́, ojú á rójú. Tíṣà dúró lábẹ́ igi, Tilẹ̀kùn dúró lẹ́bàá ògiri. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sẹ́bàá ògiri. Mo tẹrí ba, bàtà ẹni tó wà níwájú mi ni mò ń wò. Nígbà tó yá mo gbójú sókè láti wá Ẹ̀gbọ́n nínú ìlà wa, pé ó kéré tán a ó jọ wà níbẹ̀. Mi ò rí wọn. Mo wo òdìkejì. Àwọn nìyẹn lẹ́yìn Tíṣà, wọ́n dúró ti Nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń wò mí.

Ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Àwọn tó ti ń gbọ́ ẹnu mi látọjọ́ yìí rẹ́rìn-ín. Tilẹ̀kùn pàápàá wo Ẹ̀gbọ́n, ó wò mí, ó dà bíi pé ó fẹ́ bèèrè bóyá a ṣìnà. Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún mi pé ọkàn àwọn ti yí, nítorí wọ́n mọ̀ pé màá ní “mo wí bẹ́ẹ̀.” Èmi náà ò sọ fún wọn, nítorí ojú ń tì mí. Inú ilé kan náà la ti ń fi pamọ́ fúnra wa.

Nígbà tí a ń túká, wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pápá. Mo ti to àlàyé sẹ́nu: ọmọ ni, ó kéré, ìgbà ti yí padà. Wọn ò bèèrè ìdí tí mo fi tò síbẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, “Ṣé ò ń sùn?”

Omi bọ́ lójú mi níwájú ayé, èmi tí gbogbo wọn ń pè ní Àgádágodo. Mo ní, “Rárá, Ẹ̀gbọ́n.” Wọ́n di ọwọ́ mi mú délé bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Akọ̀wé, ìbéèrè yẹn kò gùn. Ní gbogbo oṣù tí àwọn náà kò fi sùn, èmi tí mo wà nítòsí kò bi wọ́n, ìwọ tó ń pè láti òkèèrè kò bi wọ́n.

Tilẹ̀kùn ló wọlé. Géètì ti wà níbẹ̀ báyìí, èmi ni mo ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ta ni ìbá tún ṣe é? Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí alága ti géètì tó fẹ́ tì, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù àwọn ni kọ́kọ́rọ́ á wà, kí Nọ́ọ̀sì àti ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́ níbi iṣẹ́ lè rí i gbà. Tilẹ̀kùn ní rárá. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, ilé tirẹ̀ ni àwọn á máa darí gbogbo wọn sí, kó máa dìde lórí ibùsùn ṣílẹ̀kùn fún wọn. Tilẹ̀kùn fẹ́ràn oorun. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára pákó nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò rí i, wọ́n ń mú tiwọn padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n kàn ń kọjá lọ.

Ti èmi kò tíì san tán. Mo ṣì ń mú ọmọ lọ sí ilé ìwé. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀nà tóóró, kí òun nìkan rìn ín já, èmi á sì máa wò ó lẹ́yìn. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ti parí tipẹ́, mi ò tíì kó padà, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Mi ò kọ̀wé láti sọ pé o jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ géètì. Òótọ́ ni òǹkà rẹ. Ṣùgbọ́n o ní o ò mọ Ẹ̀gbọ́n mọ́. Obìnrin tó lé Nọ́ọ̀sì lọ àti èyí tó tú ìdábùú ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un, ẹnì kan náà ni wọ́n, oorun ló wà láàárín wọn. Bó bá sì jẹ́ pé o ò ní bá ẹni tó tò sẹ́yìn Tilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, èmi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi gbá ọmọ mọ́ra. Kí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ, àwọn tó ń ka wá.

Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí, mo fi bébà wé e. Láàárọ̀ àná ni Ẹ̀gbọ́n wá dúró tì mí, wọ́n ní kí n gé ọ̀kan sí i fún ilẹ̀kùn iwájú. Mo ní ti ta ni. Wọ́n ní kí n ṣáà gé e. Nígbà tí mo gé e tán, àwọn fúnra wọn lọ dán an wò, wọ́n tì í, wọ́n ṣí i, wọ́n fi aṣọ nù ún. Wọ́n wá ní èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò ṣí ilé mọ́ látìgbà tí olè ti wá, pé o lè dé lọ́jọ́ kan kí o máa kanlẹ̀kùn bí àlejò.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà, bó tilẹ̀ yí ìlà,

Àgádágodo.